Ilé Ẹṣin Tí Gbogbo Wa Ti Ń Ṣubú

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa ní Dutse Alhaji ní kí n wá sọ nípa iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, kí àwọn tó ń wá iṣẹ́ lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ bi àwọn tó ṣiṣẹ́ báńkì. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ti báńkì tó, pé ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fi ẹṣin mú mi! Ó dáa. Tìámíyù lorúkọ mi, ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, mo sì fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tọ́jú ẹṣin olówó nínú ọgbà kan lẹ́yìn Ushafa. Èmi fúnra mi ò ní ẹṣin kankan rí.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Òkúta ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi Rájí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, jọ ń fọ́ ní Mpape nígbà tí à ń kọ́ ìlú yìí. Awakọ̀ kan tó wá kó òkúta sọ fún wa pé Alájì òun ń wá alágbára méjì tí yóò máa kó ìgbẹ́ ẹṣin. Owó tí wọ́n fẹ́ san kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti òkúta lọ, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ẹṣin kì í ta síni lójú. A kó ẹrù wa, a lọ.

Ọ̀gá tí a bá níbẹ̀ ni Málàm Ìdí, ará Kàtsínà, ọkùnrin gbọ̀ọ̀rọ̀ tí kì í pariwo. Háúsá ni gbogbo wa ń bá ara wa sọ nínú ọgbà náà, mo kàn ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún yín ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi jẹ́ kí a fọwọ́ kan ẹṣin. A ń kó ìgbẹ́, a ń pọn omi, a ń gé koríko. Tí a bá fọ ọpọ́n omi tán, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á gbóòórùn ọwọ́ náà. Bó bá gbọ́ òórùn ọṣẹ díẹ̀, á da omi náà nù, á ní ká tún un pọn. Kànga wà nísàlẹ̀ òkè, ilé ẹṣin wà lókè. Mo bú u nínú ọkàn mi títí ó fi sú mi.

Nígbà tó jẹ́ kí a sún mọ́ ẹṣin, ọ̀ràn tún bẹ̀rẹ̀. Kí o tó jẹun láàárọ̀, kí o ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹṣin kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹsẹ̀ tó bá gbóná ti ń ṣàìsàn kí ẹṣin náà tó tiro. Má gba ẹ̀yìn ẹṣin kọjá láìsọ̀rọ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni kí o da yanrìn tuntun sílẹ̀, kí pátákò lè rí nǹkan dì mú. Má sì wé okùn ẹṣin mọ́ ọwọ́ láéláé. Rájí wé e lọ́jọ́ kan. Málàm Ìdí kò nà án. Ó so okùn náà mọ́ korobá tí omi kún, ó ní kó wé e mọ́ ọwọ́ bó ṣe fẹ́, kó sì dúró síbẹ̀ títí dìgbà ìrun ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n tú u, ọwọ́ Rájí ti wú.

Málàm Ìdí ní, “Kai! Omi lásán ṣe èyí. Bó bá jẹ́ ẹṣin ńkọ́?”

Ní oṣù kẹfà ni akọ ẹṣin kan ta mí nípàá nítan. Mo pariwo pé ẹṣin ti pa mí o. Málàm Ìdí wá, ó kúnlẹ̀, ó fi òróró pa mí lẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wá bi mí pé kí ló ṣe mí. Mo ní ẹṣin ni. Ó tún bi mí. Mo tún ní ẹṣin ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó bi mí ni mo rí Rájí lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fi ojú sọ̀rọ̀ fún mi, nítorí òun ti gba ìpá tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n sì ti kọ́ ọ.

Mo ní, “Mo ṣubú.”

“Yauwa,” ni Málàm Ìdí wí. “Sànnu, pẹ̀lẹ́.” Ó ní kí wọ́n lọ po tíì fún mi.

Òfin tó ga jù nínú ilé ẹṣin náà nìyẹn. Ẹṣin kì í jẹ̀bi. Bó ta ọ́, bó bù ọ́ jẹ, bó tẹ̀ ọ́ mọ́ ògiri, o ṣubú ni. Nígbà tó yá ni Málàm Ìdí sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ẹṣin kan ta ọmọ olówó ẹṣin nípàá. Òun tó jẹ́ ọmọ ìdí ẹṣin ló fẹnu ara rẹ̀ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ta ẹṣin náà fún àwọn tó ń ra ẹṣin pa jẹ. “Ẹ̀rù ló máa ń ba ẹṣin,” ló wí fún wa. “Kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìkà. Ṣùgbọ́n olówó ò ní dúró gbọ́ ìyẹn. Ẹnu yín ni ẹ̀mí ẹṣin wà.”

N ò ní parọ́ fún yín, mo fẹ́ràn òfin yẹn ju gbogbo èyí tó kọ́ wa lọ. A jẹ́ tálákà, a sì ní ohun kan tí à ń fi pa mọ́ fún olówó nítorí ẹranko tí kò lè gbèjà ara rẹ̀. Ó jẹ́ kí n máa rí ara mi bí èèyàn gidi.

Ọdún ń gorí ọdún. Málàm Ìdí darúgbó, ó padà sí Kàtsínà, èmi ni wọ́n fi jọ̀gá. Irinṣẹ́ yí padà lójú wa. Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ bàtà ẹṣin fún wa tẹ́lẹ̀, á wọn pátákò, á lọ, á bọ̀. Nígbà tó yá, inú páálí ló ń ti wá, pẹ̀lú nọ́ńbà bíi bàtà ọmọ ilé ìwé. Alájì bẹ̀rẹ̀ sí í ra abo ẹṣin láti bí ọmọ tà. Tẹ́lẹ̀, ikùn àti ọmú la fi ń mọ abo tó lóyún. Dókítà ẹranko wá gbé ẹ̀rọ kan dé tó ń fi ọmọ inú hàn lójú dígí kó tó tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Mo wo dígí náà, n ò rí nǹkan kan, mo ṣáà ń mi orí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí a gbẹ̀bí wọn ni ìyá rẹ̀ kọ̀, tí kò jẹ́ kó mu ọmú. Rájí gbé e sẹ́sẹ̀, ó ń fi wàrà inú ìgò bọ́ ọ. Ó sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ń tẹ̀ lé e kiri ọgbà bí ewúrẹ́ ilé. Bó bá lọ sí mọ́ṣáláṣí, á dúró sídìí ọgbà títí yóò fi dé. Èmi àti Láwàl, tí òun náà ń bá wa tọ́jú ẹṣin, máa ń fi Rájí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó kékeré ló fẹ́.

Ní àkókò yẹn ni ọ̀rọ̀ adójútòfò wọlé. Ìjọba ní dandan ni kí agbanisíṣẹ́ máa san owó kan lọ́dọọdún lórí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, pé bí ẹnikẹ́ni bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, inú owó náà ni wọn yóò ti tọ́jú rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ṣe léwu tó ni owó rẹ̀ ṣe ń ga tó, iṣẹ́ ẹṣin sì wà lára èyí tó ga. Alájì ń pariwo pé kí àwọn oní-inṣọ́ránsì kúkú wá gba ẹṣin ọ̀hún. Síbẹ̀ ó san án. Wọ́n fún wa ní ìwé ńlá kan, wọ́n ní ẹni tó bá fara pa, ká kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Èmi ọ̀gá ni mo ń kọ ọ́.

Ẹ ti mọ ohun tí mo kọ. Rájí ṣubú. Láwàl ṣubú. Rájí tún ṣubú. Tìámíyù ṣubú. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, mo sì ń fi rúlà fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọdún mélòó kan kọjá, ilé iṣẹ́ adójútòfò rán ọmọbìnrin kan wá wo ọgbà wa. Fúnkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ ní Àbújá níbí. Ó kúnlẹ̀ kí mi, inú mi dùn. Ó ṣí ìwé náà, ó ń yí ojú ewé.

“Daddy, ẹ má bínú sà, Yorùbá mi ò strong. Ẹṣin yín pọ̀ gan-an. All these years, ẹṣin kankan ò ta ẹnikẹ́ni?”

Mo ní, “Ẹṣin wa níwà, ọmọ mi.”

“But everybody ń ṣubú.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo wo ilẹ̀, mo ní, “Ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ ibí yìí ò dọ́gba.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo ròyìn rẹ̀ fún Rájí, a jọ rẹ́rìn-ín, a ní Málàm Ìdí ìbá wà níbẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èmi lọjà, èmi náà ni mo tún ń ta èké níbẹ̀.

Kò ju oṣù méjì lọ tí ìwé fi dé. Wọ́n ní ìṣubú ti pọ̀ jù nínú ọgbà wa, nítorí náà owó wa yóò lọ sókè. Ṣùgbọ́n bí Alájì bá lè da sìmẹ́ńtì sílẹ̀ kó dán, láti ẹnu yàrá ẹṣin títí dé ibi tí a ti ń wẹ̀ wọ́n, wọn yóò dín in kù. Inú Alájì dùn. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kátákátá ti dé. Wọ́n kó yanrìn Málàm Ìdí dànù.

Bàtà irin àti sìmẹ́ńtì dídán kì í ṣọ̀rẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi ọ̀sẹ̀ kan ṣiṣẹ́ ẹṣin mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo lọ bá Alájì lórí àga rẹ̀.

Mo ní, “Alájì, ẹ dákun, ẹṣin á máa yọ̀ lórí nǹkan yìí.”

Ó wò mí. “Tìámì, ṣé ìwọ kọ́ lo sọ fún wọn pé ilẹ̀ ló ń gbé yín ṣubú?”

Èsì wà lẹ́nu mi. Gbólóhùn kan péré ni. Mo gbé e mì, mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” mo jáde.

Òjò rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Rájí ń mú Àbẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ibi ìwẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ti di abo ńlá nígbà náà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yọ̀ lọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìdí lélẹ̀. Rájí bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó ń pè é lórúkọ, ó fẹ́ tì í dìde. Ẹ̀rù ba Àbẹ̀kẹ́. Bó ṣe ń tiraka dìde, ó ju ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ọ̀kan bá Rájí nítan. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ìró egungun náà. Àbẹ̀kẹ́ dìde tán, ó ń gbọ̀n, ó wá tẹ orí ba, ó ń gbóòórùn ojú Rájí nílẹ̀ níbi tó wà.

A fi ìlẹ̀kùn gbé Rájí lọ sí ọsibítù. Òógùn bò ó. Dókítà bi í pé kí ló ṣe é.

Rájí wo ojú mi. Ó ní, “Mo ṣubú.”

Mo padà dé ọgbà, mo ṣí ìwé, mo kọ ọ́ síbẹ̀: Rájí ṣubú. Mo fa ìlà sí i.

Ṣùgbọ́n dókítà náà lójú. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ pé egungun itan ti ṣẹ́, pé àmì pátákò ẹṣin wà lára ọkùnrin náà. Ilé iṣẹ́ adójútòfò gbé ìwé méjèèjì pọ̀, wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ ò bára mu. Wọ́n ní àwọn ò ní san kọ́bọ̀ títí àwọn yóò fi mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ọsibítù ní àwọn ò lè fi irin sí itan rẹ̀ láìgba owó. Alájì san díẹ̀, ó ní ìdí tí òun fi ń san inṣọ́ránsì nìyẹn, kí wọ́n lọ bá wọn. Àwa òṣìṣẹ́ dá tiwa, kò tó ìlàjì. Wọ́n fi okùn àti òkúta so ẹsẹ̀ Rájí rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wò ó.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi dákẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé nítorí Àbẹ̀kẹ́ ni, pé Rájí fúnra rẹ̀ ló yàn bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló kún inú ìwé yẹn láti ojú ewé kìíní, ẹ̀rù sì ń bà mí kí Alájì má lé mi nígbà tó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìntì. Mo ń lọ kí Rájí ní ọsibítù, a ó sọ̀rọ̀ òjò, a ó sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ kẹjọ ló bi mí pé ṣé Àbẹ̀kẹ́ ń jẹun. Mo ní ó ń jẹun.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Sìkírá, tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwé kan ní Bwari, ló wá bá mi nílé. Kò jókòó.

“Bàbá Tìámì, ọkọ mi ní òun ṣubú. Dókítà ní ẹṣin ni. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀.”

“Kí ni Rájí ní kí o ṣe?”

“Ó ní kí n má bi òun mọ́. Ẹ̀yin ni mo wá bi. Ẹsẹ̀ yẹn ti ń rùn, ẹ̀gbọ́n.”

Mo ní màá rò ó.

Ó ní, “Ẹ tètè rò ó o,” ó sì lọ.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ní tèmi, n ò jẹ́ kó lé mi bá, èmi ni mo wọkọ̀ lọ bá a ní ilé iṣẹ́ adójútòfò ní Garki lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú ìwé ńlá náà nínú àpò ìrẹsì. Fúnkẹ́ gbé àga fún mi. Mo ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, mo nawọ́ sí orúkọ Rájí.

“Ẹṣin ni,” mo wí.

Ó wò mí, ó fi ìka sí èyí tó wà lókè rẹ̀. “This one ńkọ́?”

“Ẹṣin ni.”

Ó yí ojú ewé padà sẹ́yìn. Ẹṣin ni. Ó tún yí i. Ẹṣin ni. Ó ń bi mí lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé èyí tí mo kọ́kọ́ kọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣubú lóòótọ́ nínú gbogbo ìwé náà, Láwàl, ọjọ́ tó jábọ́ lórí àkàbà. Mo wá sọ òfin Málàm Ìdí fún un àti ìdí rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, “So èmi ni mo ní kí wọ́n da sìmẹ́ńtì.”

“Rárá, ọmọ mi. Èmi ni mo ní ilẹ̀ ni.”

Wọ́n san án. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Rájí ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Dókítà ní egungun náà ti ń so pọ̀ ní wíwọ́, pé bí àwọn bá ti ṣe é lọ́jọ́ kejì ìjàm̀bá ni, ìbá gún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fi kúrú ju òsì lọ. Owó adójútòfò lọ sókè débi pé Alájì ta ẹṣin tó lé ní ìdajì, èèyàn mẹ́ta sì pàdánù iṣẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ lọ. Kò sí onílé ẹṣin tó fẹ́ ra ẹṣin tí orúkọ rẹ̀ wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ra ẹṣin pa jẹ ló rà á. Kò gbà kí wọ́n fa òun wọ ọkọ̀, mo wá gun ọkọ̀ náà ṣáájú, ó tẹ̀ lé mi wọlé. Mo sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, àgbà bíi tèmi.

Wọ́n fọ́ sìmẹ́ńtì náà, wọ́n da yanrìn padà. Wọ́n ra bàtà líle àti akoto fún àwọn òṣìṣẹ́. Lónìí, bí ẹṣin bá ta ẹnikẹ́ni níbẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ kíákíá. Alájì kò lé mi. Ó fi mí sílẹ̀ fún ọdún méjì tó kù fún mi, ṣùgbọ́n kò bá mi ṣeré mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń wá iṣẹ́, iṣẹ́ ẹranko dára fún ẹni tó bá ní sùúrù. Kí ẹ tó gbà á, ẹ béèrè pé bí ẹ bá fara pa, ta ni yóò tọ́jú yín, kí ẹ sì fojú ara yín rí ohun tí wọ́n kọ pé iṣẹ́ yín jẹ́. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá yín. Bí Málàm Ìdí bá kọ́ wa ní ogún nǹkan, mọ́kàndínlógún ló gba ẹ̀mí wa là. Ẹ̀yin náà ẹ máa yẹ èyí tó kù wò, pàápàá bó bá jẹ́ pé òun lẹ fẹ́ràn jù.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Rájí wá sí ọgbà lẹ́yìn tó ti lè rìn. Igi wà ní abíyá rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni, ó lọ tààrà sí yàrá Àbẹ̀kẹ́. Ẹṣin mìíràn ló bá níbẹ̀. Ó bi mí pé níbo ni wọ́n mú un lọ. Mo ti ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀, mo ti múra láti sọ pé oko kan ní Kàdúná ni, pé koríko pọ̀ níbẹ̀. Ó ti dé orí ahọ́n mi.

Mo sọ òótọ́ fún un.

Ó jókòó sórí àpótí oúnjẹ ẹṣin. Kò sunkún. Ó gbé igi rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí.

“Bó o bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ mi ìbá gún. Bó ò bá sì sọ ọ́ rárá, Àbẹ̀kẹ́ ìbá wà láàyè. Tìámì, èwo ni kí n forí rẹ̀ jì ọ́?”

A ṣì jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà, òun lórí àga, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò bi mí mọ́. N ò sì tíì dá a lóhùn.